Ìdí Tí Ìkòtún Fi Ń Pẹ́ Lẹ́nu Kọ̀ǹpútà

Òórùn káńfọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn lẹ́nu ọ̀nà yàrá kọ̀ǹpútà ilé-ìwé tí mo ti ṣiṣẹ́ gbẹ̀yìn ní Ẹ̀gbẹ́dá. Obìnrin tó dá ilé-ìwé náà sílẹ̀, tí gbogbo wa, tọmọdé tàgbà, ń pè ní Mọ́mì, ló pàṣẹ pé kí wọ́n máa fi káńfọ̀ sí igun yàrá náà kí aáyán má baà sọ inú ẹ̀rọ òun dilé. Tí káńfọ̀ bá ti fi imú rẹ sílẹ̀ díẹ̀, wàá gbóòórùn kápẹ́ẹ̀tì tuntun, lẹ́yìn náà wàá gbóòórùn ẹsẹ̀ àwọn tíṣà, nítorí òfin ni pé kí oníkálukú bọ́ bàtà síta kó tó wọlé. Mo rántí bí ìbọ̀sẹ̀ ọkùnrin tó ń kọ́ wọn ní ìṣirò ṣe lu níbi àtàǹpàkò, tó máa ń ká ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀ sábẹ́ àga bí ẹni pé òtútù ń mú un. Kọ́tìnnì dúdú ló wà lójú fèrèsé. Yàrá náà máa ń dákẹ́ bí inú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Mọ́ńdè, àyàfi tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bá bẹ̀rẹ̀ sí í han bí ẹni ń fi ayùn rẹ́ páànù.

Àárín àwọn ọdún 1990 ni mo ń sọ yìí. Ìwọ náà tó ti fi ẹfun kọ̀wé sójú pátákó títí tí ẹfun fi wọ imú rẹ, o mọ bí kọ̀ǹpútà ṣe rí lójú wa nígbà náà: a bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n a kò fọkàn tán an. Jọ́gíráfì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ, èmi sì ni igbákejì ọ̀gá àgbà. Ilé-ìwé náà gbòòrò, láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé ilé-ìwé girama, gbogbo máàkì tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ti gbà láti ọjọ́ tó ti wọlé ló sì wà nínú ẹ̀rọ náà. Obìnrin kan tí kò tíì pé ẹni ọgbọ̀n ọdún ló ń bójú tó o. Àwọn ọmọ ń pè é ní Àǹtí Kọ̀ǹpútà, ni àwa náà bá ń pè é bẹ́ẹ̀. Àgbàdo ló ń gbé, ibẹ̀ náà ló ti ṣiṣẹ́ kó tó wá sọ́dọ̀ wa. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Níbi tí àwọn èèyàn bá ti ń wá ẹni tí wọn yóò fura sí, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wò.

Àdúgbò àdúgbò la máa ń pín káàdì èsì ìdánwò nígbà tí táámù bá ń parí, nítorí Mọ́mì kò fẹ́ kí àwọn òbí rọ́ wọnú ọgbà lọ́jọ́ kan náà. Àwọn ará Ayọ̀bọ̀ ní ọjọ́ tiwọn, àwọn ará Ìdímù ní tiwọn, àwọn ará Ìkòtún ní tiwọn. Láàárọ̀ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, Àǹtí Kọ̀ǹpútà á tẹ orúkọ àdúgbò náà, á ní kí ẹ̀rọ kó gbogbo ọmọ ibẹ̀ jáde pẹ̀lú máàkì wọn. Ayọ̀bọ̀ ìgbà yẹn, oko ló pọ̀ jù níbẹ̀, ìwọ̀nba ọmọ díẹ̀ ló ń ti ibẹ̀ wá. Bó bá ti tẹ Ayọ̀bọ̀ báyìí, kó tó gbé ìka kúrò, orúkọ ti yọ. Ṣùgbọ́n tó bá kan Ìkòtún, ojú ẹ̀rọ á ṣókùnkùn, iná pupa kékeré kan á máa ṣẹ́jú, inú àpótí rẹ̀ á sì máa kùn bí ìgbà tí eku bá ń jẹ àgbàdo gbígbẹ lókè àjà. Àwọn òbí á jókòó sábẹ́ igi dóńgóyárò títí àwọn ọmọ ọwọ́ á fi sùn lẹ́yìn ìyá wọn.

Kò sí ohun tó ń kọ́ èèyàn ní ìfura bíi kí wọ́n ní kó dúró láìsọ ìdí rẹ̀ fún un. Lọ́jọ́ kan báyìí, bàbá kan tó ń tún mọ́tò ṣe, tí ọ́ìlì ṣì wà léèékánná rẹ̀, gbé ohùn sókè kí a lè gbọ́ ọ nínú ọ́fíìsì. "Àwọn ará Ayọ̀bọ̀ gba tiwọn ní tútù, wọ́n lọ. Àbí máàkì tiwa ni wọ́n ṣì ń sè lórí iná ni?" Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dùn létí. Ìyá kan fèsì pé tí wọ́n bá ń sè é, kí wọ́n fi iyọ̀ sí tọmọ òun o. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ti gba inú ọgbà kan: wọ́n ń yí máàkì àwọn ọmọ Ìkòtún padà kó tó jáde.

Mọ́mì ránṣẹ́ pè mí. Ó ti ilẹ̀kùn, ó sì fa kọ́tìnnì, bẹ́ẹ̀ ojú ọjọ́ mọ́ kedere. "Tíṣà, ẹ jókòó." Ó ní ọwọ́ kan náà ló ń tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ kan náà ni, kí ló wá dé tí ọ̀kan fi ń yá tí èkejì fi ń pẹ́ bí kò bá sí ọwọ́ èèyàn níbẹ̀? Ó ní wọ́n ti sọ fún òun pé ilé ẹ̀kọ́ àfikún tí Àǹtí Kọ̀ǹpútà ti ṣiṣẹ́ ní Àgbàdo, wọ́n tì í pa nítorí wọ́n ń ṣe màkàrúrù ìdánwò níbẹ̀. Mo béèrè bóyá wọ́n dárúkọ ọmọbìnrin náà nínú rẹ̀. Ó ní rárá, ṣùgbọ́n àgùntàn tó bá bá ajá rìn á jẹ ìgbẹ́. Ó tún ní ẹni tó ń gbálẹ̀ rí ìyá kan láti Ìkòtún tó gbé iṣu wọ yàrá kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tó pè mí fún.

"Ẹ máa ṣọ́ ọ fún mi. Táámù tó ń bọ̀, tó bá tún rí báyìí, kó máa lọ."

Mo dìde pẹ̀lú ẹrù lọ́kàn. Ìwọ náà mọ̀ pé ẹni tí wọ́n bá lé nídìí máàkì kò lè rí ilé-ìwé kankan tí yóò tún gbà á. Kò sẹ́ni tí yóò sọ pé ó pẹ́ jù níbi iṣẹ́ ni wọ́n ṣe lé e. Wọn yóò sọ pé olè ni. Bẹ́ẹ̀ ni mo mọ̀ pé ọmọbìnrin náà ló ń gbọ́ bùkátà ìyá rẹ̀ tí ẹsẹ̀ ń dùn, tí kò lè jáde mọ́. Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ fún ọ, èmi náà ń fura. Mo ti kọ́ ọmọ pẹ́ tó láti mọ̀ pé ẹni tó dákẹ́ jù nínú kíláàsì lè jẹ́ ẹni tó mọ̀ jù, ó sì lè jẹ́ ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́ sábẹ́ tábìlì.

Mo gbé ìwé àwọn ọmọ lọ sí yàrá náà, mo ní ibẹ̀ tutù, ibẹ̀ ni n ó ti máa máàkì. Ó fi àga fún mi, kò béèrè ohunkóhun. Ohun àkọ́kọ́ tí mo rí kò tẹ́ mi lọ́rùn: bí ọ̀sán bá ti pọ́n, ó máa ń yí ojú ẹ̀rọ náà kúrò lọ́dọ̀ mi. Mo dìde bí ẹni fẹ́ na ẹsẹ̀, mo lọ dúró lẹ́yìn rẹ̀, mo sì rí i pé kọ́tìnnì ti ya níbì kan, oòrùn ń gba ibẹ̀ wọlé, ó ń kọ mọ̀nà lójú ẹ̀rọ débi pé èèyàn kò lè rí ohun tó wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti iṣu náà kò pẹ́ kó tó yé mi. Ìyá oníṣu kan tí ọmọ rẹ̀ yege ló pín iṣu fún gbogbo wa. Tèmi ti di iyán kí n tó gbọ́ pé ẹ̀sùn ni, èyí tó sì tóbi jù nínú wọn, ilé Mọ́mì ló gbà lọ.

Ṣùgbọ́n Ìkòtún ṣì ń pẹ́. Nígbà tí mo bi Àǹtí Kọ̀ǹpútà pé kí ni ẹ̀rọ náà ń ṣe ní gbogbo àkókò yẹn, ó ní, "Ó ń ronú ni, mà." Ìdáhùn yẹn tún mú kí n fura sí i. Kí ló ń rò nípa Ìkòtún tí kò rò nípa Ayọ̀bọ̀?

Bí a bá fẹ́ mọ ìdí tí ohun méjì fi yàtọ̀, a máa ń kọ́ àwọn ọmọ pé kí wọ́n yí ẹyọ kan padà, kí wọ́n fi ìyókù sílẹ̀. Mo ní kó jẹ́ kí n wo bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Gbólóhùn kan náà ni, orúkọ àdúgbò nìkan ló ń yàtọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò kan nǹkan mìíràn. Mo wá ní kó tẹ nọ́ńbà ọmọ kan ṣoṣo, ọmọ Ìkòtún, kó ní kí ẹ̀rọ gbé máàkì ọmọ yẹn nìkan jáde. Kíá ló yọ. Mo tún ní kó tẹ ti òmíràn, ọmọ Ìkòtún náà. Kíá. Mo fi máàkì Jọ́gíráfì wọn wé èyí tí èmi fúnra mi fún wọn, kò sí èyí tó yẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kò sí ohun tó ń ṣe ọmọ Ìkòtún nínú ẹ̀rọ náà. Ìgbà tí a bá pe gbogbo wọn pọ̀ ni ọ̀rọ̀ ń dìjà.

Ni mo bá ní kí wọ́n pe ẹni tó ta ẹ̀rọ náà fún wa, tó sì tò ó. Ẹnjiníà la ń pè é, ọkùnrin àgbàlagbà díẹ̀ tó ń ti Ìkẹjà wá, tó máa ń wọ kóòtù nínú oòrùn. Mo fura sí òun náà, nítorí ẹni tó ta ọjà fúnni kò ní jẹ́wọ́ pé ọjà òun ló ní àrùn. Ó bọ́ bàtà, ó jókòó, ó tẹ Ìkòtún, ó tẹ Ayọ̀bọ̀, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó bi mí pé tí wọ́n bá ní kí n wá ọmọ kan ṣoṣo nínú ilé-ìwé yìí, báwo ni n ó ṣe wá a. Mo ní n ó lọ wo ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì, èyí tó ń tọ́ka sí kíláàsì tí ọmọ kọ̀ọ̀kan wà, n ó sì lọ tààrà síbẹ̀. Ó ní tí wọ́n bá wá ní kí n kó gbogbo ọmọ tó wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun jáde ńkọ́, ká sọ pé ìwé mìíràn wà lẹ́nu ọ̀nà tó tọ́ka sí àwọn náà lọ́kọ̀ọ̀kan? Mo ní gbogbo ọmọ wa ló fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun, kí ni n ó máa wo ìwé sí, n ó kàn gba kíláàsì dé kíláàsì, n ó sì ní kí wọ́n dìde.

"Ohun tó ń ṣe nìyẹn, mà," ló wí. Ó ṣàlàyé pé àwọn máàkì wà nínú ẹ̀rọ bí àtẹ gígùn, ìlà lórí ìlà, atọ́ka sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń sọ ibi tí ọmọ àdúgbò kọ̀ọ̀kan wà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń tẹ̀ lé atọ́ka, ó gbọ́dọ̀ wo ìlà kan, kó dìde lọ sí ibi tó júwe, kó padà wá, kó wo òmíràn, kó tún dìde. Tí ọmọ tó ń wá bá kéré, ọ̀nà yẹn ló yá. Tó bá jẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń wá, àlọ àti àbọ̀ yóò pa á, ó sàn kó fi atọ́ka sílẹ̀, kó ka àtẹ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń pàṣẹ fún un. Òun fúnra rẹ̀ ló ń yàn, gẹ́gẹ́ bí iye tó gbà pé òun máa bá níbẹ̀. Ayọ̀bọ̀ kéré, ó gba ti atọ́ka. Ìkòtún pọ̀, ó ka gbogbo ilé.

Mo ní báwo ni ẹ̀rọ ṣe mọ iye tó máa bá kó tó débẹ̀. Ó ní ó ti kà wọ́n sílẹ̀. Mo ní nígbà wo. Ó nu ojú rẹ̀ nù, ó ní, "Lọ́jọ́ tí mo gbé e wá." Lẹ́yìn náà ló yára bẹ̀rẹ̀ sí í wá bàtà rẹ̀. Mo rí ìyára yẹn, mo sì fi í sọ́kàn.

Àlàyé rẹ̀ dára létí, ṣùgbọ́n mo ní láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣé òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló ń gbé Ìkòtún? Mo ní kí àwọn ọmọ kíláàsì mi ya ọ̀nà tí wọ́n ń gbà láti ilé wọn wá sí ilé-ìwé, pẹ̀lú odò, afárá, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí tó wà lọ́nà. Ẹ̀rín pa mí, inú sì bí mi díẹ̀. Ọmọ tó kọ Ìkòtún sínú fọ́ọ̀mù ya ọ̀nà Ìjẹ̀gùn. Òmíràn ya Ìgàndó. Òmíràn ya Ìṣẹ́rí Ọ̀ṣun, ó tilẹ̀ ya ẹja sínú odò. Mo pe ọmọbìnrin kan, mo ní ṣé kò mọ orúkọ àdúgbò rẹ̀ ni. Ó ní, "Mo mọ̀ ọ́n, mà. Bàbá mi ní tí a bá sọ Ìgàndó, wọn ò ní mọ̀ ọ́n. Kí n ṣá máa sọ Ìkòtún."

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwa ará agbègbè yẹn ṣe máa ń ṣe, o rántí? Ẹni tó ra ilẹ̀ sínú igbó, tí òpópónà rẹ̀ kò tíì lórúkọ, Ìkòtún ni yóò pe ibẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń já a sílẹ̀, ibẹ̀ sì ni àwọn ẹbí rẹ̀ láti Ọ̀yọ́ lè béèrè. Kì í ṣe irọ́ lójú wa. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀rọ, gbogbo ayé ti di ará Ìkòtún, orúkọ tí gbogbo ayé bá sì ń jẹ́ kò lè júwe ẹnikẹ́ni.

Mo sọ fún Mọ́mì. Ó gbọ́, kò sì dùn mọ́ ọn nínú tó bó ṣe yẹ. Ó ní ó dára, kí á tún àdúgbò àwọn ọmọ náà kọ, ṣùgbọ́n ojú òun ṣì wà lára ọmọ Àgbàdo yẹn. Àǹtí Kọ̀ǹpútà fi ọlidé jókòó ti iṣẹ́ náà. Ó pín Ìkòtún sí àwọn àdúgbò tó jẹ́ tiwọn gan-an, ìwọ̀nba ọmọ díẹ̀ ló sì ṣẹ́ kù sábẹ́ orúkọ Ìkòtún. Ní táámù tó tẹ̀ lé ọlidé náà, wọ́n ta ilé tí ilé-ìwé kékeré kan wà ní Ayọ̀bọ̀, ilé-ìwé náà kógbá sílé, ọ̀dọ̀ wa ni ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ ibẹ̀ wá. Inú mi dùn pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Kò parí. Nígbà tí táámù ń lọ sópin, Àǹtí Kọ̀ǹpútà tẹ Ìkòtún, ojú ẹ̀rọ ṣókùnkùn bíi ti tẹ́lẹ̀, ó ń kùn. Ó tẹ Ayọ̀bọ̀. Ayọ̀bọ̀ tó máa ń yọ kí ìka tó kúrò lórí ẹ̀rọ, ó pẹ́ ju bí Ìkòtún ṣe pẹ́ rí lọ. Àwọn ará Ayọ̀bọ̀ tí kò mọ ìdúró rí bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ara wọn lábẹ́ dóńgóyárò. Bàbá ọlọ́ìlì ọjọ́sí, tí fọ́ọ̀mù ọmọ rẹ̀ ti di Ìjẹ̀gùn báyìí, tí ọjọ́ tiwọn sì bọ́ sí ọjọ́ kan náà, wá gba káàdì tirẹ̀ wéré, ó sì kí wọn pé, "Ẹ kú ìdúró o. Ìkòkò ti dé ọ̀dọ̀ tiyín."

Mọ́mì kò pè mí lọ sí ọ́fíìsì lọ́tẹ̀ yìí. Ó wá sí yàrá káńfọ̀ náà fúnra rẹ̀, kò tilẹ̀ bọ́ bàtà. Ó ní wọ́n sọ fún wa pé nítorí pé ọmọ Ìkòtún pọ̀ ló ṣe ń pẹ́. Ìkòtún ti wá kéré, ó ṣì ń pẹ́. Ayọ̀bọ̀ ń yá nígbà tí kò sí nǹkan jíjẹ níbẹ̀, àwọn òbí tuntun dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́. "Ó ti gbé ọjà rẹ̀ lọ sí Ayọ̀bọ̀," ló wí fún mi, bí ẹni pé ọmọbìnrin náà kò sí níbẹ̀. Ó wá kọjú sí i. "Tó bá di ìrọ̀lẹ́, kó ẹrù ẹ." Àǹtí Kọ̀ǹpútà kò bẹ̀bẹ̀. Ó kàn gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kúrò lára ẹ̀rọ, ó gbé wọn lé orí itan rẹ̀, kí gbogbo wa lè máa rí wọn. Ọ̀nà tó gbà gbé ọwọ́ yẹn, n kò tíì gbàgbé rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Mọ́mì bá èrò mu, ìyẹn ló burú níbẹ̀. Mo dúró, mo ń rò ó bí ẹni ń yẹ èsì ọmọ wò. Tí àlàyé Ẹnjiníà bá jẹ́ òótọ́, ó yẹ kí Ìkòtún yá báyìí. Àfi tí ẹ̀rọ kò bá mọ̀ pé Ìkòtún ti kéré. Ibẹ̀ ni gbólóhùn tí Ẹnjiníà sọ kó tó máa wá bàtà ti padà wá sí mi létí: lọ́jọ́ tí mo gbé e wá. Ọjọ́ yẹn ni ẹ̀rọ kà wọ́n. Kò tíì tún kà láti ìgbà náà. Lójú rẹ̀, Ìkòtún ṣì ni gbogbo ilé, nítorí náà ó ń ka àtẹ láti òkè dé ìsàlẹ̀ nítorí ọmọ díẹ̀. Lójú rẹ̀, Ayọ̀bọ̀ ṣì ni oko, nítorí náà ó ń tẹ̀ lé atọ́ka, ó ń dìde, ó ń padà, ó ń dìde, ó ń padà, nítorí ọmọ rẹpẹtẹ.

Mo bẹ Mọ́mì pé kó jọ̀ọ́, kó sún un di ọ̀la. Mo ní tó bá jẹ́ pé ọmọbìnrin yìí lẹ́bi, kò sí ibi tó ń sá lọ. Ó wò mí bí ẹni ń bi ara rẹ̀ bóyá èmi náà ti jẹ nínú rẹ̀, ó sì lọ.

Ẹnjiníà dé lọ́jọ́ kejì. Mo bi í léèrè lójú gbogbo wa bóyá ẹ̀rọ náà ti tún àwọn ọmọ kà láti ọjọ́ tó ti gbé e wá. Ó ní bí ọmọ bá pọ̀ sí i tàbí tí nǹkan bá yí padà púpọ̀, ó yẹ kí a máa ní kó tún kà. Mo ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún. Ó ní òun rò pé òun ti sọ ọ́. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó jókòó, ó tẹ àṣẹ kan tí kò gùn, iná pupa ṣẹ́jú. Wọ́n gbé tíì wá fún Mọ́mì. Kó tó mu ún dé ìdajì, ẹ̀rọ ti kà tán. Ọkùnrin náà dìde lórí àga, ó ní kí Àǹtí Kọ̀ǹpútà tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀. Ó tẹ Ìkòtún: orúkọ yọ kí ìka rẹ̀ tó kúrò lórí ẹ̀rọ. Ó tẹ Ayọ̀bọ̀: kò yá bíi ti àtijọ́, nítorí ọmọ ti pọ̀, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó kí ọmọ ọwọ́ kan sùn.

Mo yíjú sí Mọ́mì. Mo ní, "Mọ́mì, ẹ̀rọ ni. Ọwọ́ ọmọ yìí mọ́."

Ó fi ife tíì sílẹ̀. "Ti ẹ̀rọ nìyẹn, Tíṣà. Ti Àgbàdo ńkọ́?"

Kò lé e mọ́. Ó tilẹ̀ ra kọ́tìnnì tuntun sí yàrá náà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tó ń gbálẹ̀ kò dẹ́kun gbígbálẹ̀ níbi tí kò dọ̀tí lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ìyá kankan kò sì lè gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kọjá níwájú ibẹ̀ kí wọ́n má yọjú. Ní ìparí táámù tó tẹ̀ lé e, Àǹtí Kọ̀ǹpútà wá bá mi nínú kíláàsì, ó ní òun ti rí iṣẹ́ nílé ìwòsàn kan ní Abúlé Ẹ̀gbá. Mo ní kó mú sùúrù, Mọ́mì á gbàgbé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ń fi ìka gba ẹfun kúrò lórí tábìlì mi.

"Wọ́n ti tún Ayọ̀bọ̀ kà, mà. Èmi ṣì wà bí wọ́n ṣe kà mí lọ́jọ́ tí mo dé."

Mo sìn ín dé ẹnu géètì, ó wọ bàtà tó máa ń bọ́ sẹ́nu ọ̀nà káńfọ̀, ó sì lọ.

Láti ìgbà náà, bí mo bá ti ń fura sí ẹnìkan, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bi ara mi ni ìgbà tí mo kà á gbẹ̀yìn. Ìfura kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, tíṣà tí kì í fura, àwọn ọmọ yóò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ìfura náà ní atọ́ka tirẹ̀, ó máa ń mú èèyàn lọ tààrà síbi tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, kódà nígbà tí ohun tó wà níbẹ̀ bá ti ṣí kúrò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, lẹ́yìn ìsìn, arábìnrin kan tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá ń sọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ tó fẹ́ kọ́lé. Ó káwọ́ lérí, ó ní ibi tí ọmọ náà lọ ra ilẹ̀ sí ni Ayọ̀bọ̀, ta ló ń gbé Ayọ̀bọ̀, ṣebí inú igbó ni. Ìwọ náà mọ bí ilé ṣe kún Ayọ̀bọ̀ báyìí, tí èèyàn kò rí ibi fi ẹsẹ̀ sí láàárọ̀ tí wọ́n bá ń jáde lọ síbi iṣẹ́. Mo di arábìnrin náà lọ́wọ́ mú. Mo ní, "Ìyá, nígbà wo lẹ débẹ̀ kẹ́yìn?" Ó ronú títí, kò rántí. Ọmọbìnrin Àgbàdo yẹn ló wá sí mi lọ́kàn, pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí itan rẹ̀.